Ọmọ Tí A Kò Kọ́: Ohun Tí Mo Rí ní Airport Road, Warri

Ẹ̀yin ará wa tí ń bẹ ní Òkè Ọya, mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa kò ní àyè púpọ̀ fún ọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù ka èyí dé òpin, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni.

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ sí Warri ní ìpínlẹ̀ Delta, láti bá àna mi kan ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Airport Road ni ilé àna mi wà. Orúkọ pápá ọkọ̀ òfurufú ni títì náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú ní Warri lónìí, Osubi ni yóò lọ. Ohun tí ó kún Airport Road ni ilé ìtajà, ilé ìfowópamọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìtura, kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, mo jókòó sí iwájú ilé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi méje wà lábẹ́ agboòrùn ẹni tí ń tún fóònù ṣe. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyọ ẹni kan ṣoṣo, oníṣẹ́ fóònù náà, ni ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wá kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí ó ti ń wá iṣẹ́. Ó fi èdè Pijin bi mí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni ní ilé iṣẹ́ epo?” Mo ní n kò mọ ẹnì kankan, pé Òkè Ọya ni mo ti wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, bí a kò bá mọ ẹnikẹ́ni, kí ni ìwé tí a kà wà fún?”

Ẹ̀yin ará, n kò rí èsì fún un. Ẹnu tí mo fi ń gba àwọn ọmọ níyànjú ní gbogbo ìpàdé wa, pé kí wọ́n kàwé, kí wọ́n di ènìyàn pàtàkì, ẹnu náà wúwo ní ọjọ́ yẹn. Ọmọ náà kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó rán mi létí ọmọ mìíràn tí kì í ṣe ará Warri rárá, ọmọ tiwa ni.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi ni akápò nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka wa. Ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ ní Sàbó wá bá wa ní ọjọ́ ìpàdé. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ yá òun ní owó ìdánwò WAEC. Ó ṣèlérí pé òun yóò fi iṣẹ́ ìsinmi san án padà. A ní kò sí irú rẹ̀ nínú òfin ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú oṣù kan náà, ẹgbẹ́ ti ra màlúù méjì fún ìsìnkú ìyá ọ̀kan nínú wa, a sì ti ra aṣọ ẹbí. Ọwọ́ mi ni mo fi ka owó màlúù náà. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Kò ṣe ìdánwò ní ọdún yẹn, kò sì ṣe é ní ọdún kejì. Ọ̀kadà ni ó ń gùn lónìí. N kò sọ pé iṣẹ́ ọ̀kadà kò dára, iṣẹ́ tí kò bá ti jẹ́ olè kì í ṣe ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó wá béèrè lọ́wọ́ wa nìyẹn. Títí di òní, bí ó bá rí mi, yóò dúró, yóò kí mi, yóò pè mí ní Bàbá Akápò. Ìkíni náà ń dùn mí ju èébú lọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹlòmíràn ni mo fẹ́ bá wí. Ara mi ni mo kọ́kọ́ bá wí.

Ìlú Warri fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ méjì tí ó lè kọ́ wa. Èkíní dùn, èkejì korò.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó dùn. Ní ọdún 1931, ní Warri yìí kan náà, àwọn ọmọ Urhobo dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Urhobo Progress Union. Mukoro Mowoe, oníṣòwò pàtàkì ní Warri, ni ó ṣe olórí rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1948. Ẹgbẹ́ náà jọ tiwa: ó ní ẹ̀ka nílé, ó sì ní ẹ̀ka ní àwọn ìlú àjò tí àwọn ọmọ Urhobo ti lọ wá oúnjẹ òòjọ́. Ní ìgbà náà, wọn kò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Wọ́n pinnu láti dá owó jọ kí wọ́n sì kọ́ ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá. Wọ́n mọ̀ pé ògiri àti páànù nìkan kọ́ ni ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n yan ọ̀dọ́kùnrin méjì, M. G. Ejaife àti E. N. Igho, wọ́n sì fi owó ẹgbẹ́ rán wọn lọ kàwé gíga. Ejaife lọ sí Fourah Bay ní Freetown, Igho sì lọ sí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Ejaife parí, ó padà wá sílé, òun ni ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Urhobo College, ní Effurun. Effurun àti Warri ti di ọ̀kan lónìí, ẹni tí ó bá wà ní Airport Road kò jìnnà sí i. Láti ìgbà náà wá, n kò lè ka iye ọmọ tí ó ti ibẹ̀ jáde.

Ohun mẹ́ta ni mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí. Èkíní, wọn kò dúró de ìjọba. Èkejì, kì í ṣe ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ṣe é. Owó tí olúkúlùkù dá ni, àti ti ẹni tí ó ní, àti ti ẹni tí kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó sì ṣe pàtàkì jù: wọn kò kàn sọ fún ọmọ pé kó lọ kàwé. Wọ́n sọ ohun tí ìwé náà wà fún. Kí Ejaife tó wọ ọkọ̀ ni iṣẹ́ ti ń dúró dè é nílé. Ẹ rí i pé ìbéèrè tí ọmọ Airport Road bi mí, àwọn àgbà ìlú náà ti ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà kan rí.

Kì í ṣe Urhobo nìkan. Àwọn Ìṣẹkírì, tí èdè wọn bá tiwa tan, ní ìtàn pé ọba wọn rán ọmọ rẹ̀ Domingos lọ kàwé ní ilẹ̀ Pọtogí ní nǹkan bí ọdún 1600, tí ó padà wá tí ó sì jọba. Ní àkókò tiwa, ní ọjọ́ 17 oṣù January, ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ìjọba náà ni Warri wà. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn kò tó 460,000. Ní ọdún 1955, wọ́n lé ní 800,000. Ọmọ Warri jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí a bí sí Kano tàbí Jos kò jẹ nínú rẹ̀, àfi bí bàbá rẹ̀ bá fi í ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí á mọ̀ pé ẹni tí ó bá wà ní àjò gbọ́dọ̀ ní ìpèsè tirẹ̀ fún ọmọ.

Ẹ̀kọ́ kejì wá nìyí, èyí tí ó korò. Ní ọdún 1997, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Warri nígbà tí wọ́n gbé olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kan láti ibi kan lọ sí ibòmíràn. Ìjà náà tún bẹ́ ní ọdún 1999, ó tún bẹ́ ní ọdún 2003. Ìṣẹkírì, Ìjọ̀ àti Urhobo, tí wọ́n ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn, di ọ̀tá ara wọn. Ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò. N kò wá dá ẹjọ́ àárín wọn, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ àlejò. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará ibẹ̀ ní ìdí, nítorí epo ń jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, òṣì kò sì kúrò ní ẹnu ọ̀nà wọn. Ìbéèrè mi ni èyí: ta ni ó gbé ìbọn? Kì í ṣe àwọn àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ ni, àwọn tí wọ́n jókòó tí wọn kò rí nǹkan ṣe, tí ẹlòmíràn sì wá fi iṣẹ́ burúkú lọ̀ wọ́n.

Nígbà tí ó di ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Yar'Adua kéde ìdáríjì fún àwọn ọ̀dọ́ agbébọn ní gbogbo ilẹ̀ Niger Delta. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni wọ́n wá kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìjọba ń san 65,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ó súnmọ́ bílíọ̀nù méjì náírà ní oṣù kan. Wọ́n rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́: iṣẹ́ jíjó irin, iṣẹ́ abẹ́ omi, wíwa ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n rán àwọn mìíràn lọ sí yunifásítì nílé àti lókè òkun.

N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ètò náà, nítorí pé àlàáfíà dára ju ogun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa. Ohun tí à bá fún àwọn ọmọ wọ̀nyí nígbà tí ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ìgbà tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n tó rí i gbà. Ọ̀dọ́ tí ó jókòó sí Airport Road, tí kò gbé ìbọn rí, tí ó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀kọ́ wo ni àwa àgbà fi ń kọ́ ọ? Àwọn bàbá wa ní kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Wọ́n tún ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹnì kan lè ní, “Warri ni ìyẹn, kí ni ó kàn wá ní Òkè Ọya?” Ó kàn wá púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, ibí ni a bí wọn sí. Wọ́n gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ béèrè owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ìwé ọmọ onílẹ̀ ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì ní i. Bí wọ́n bá padà sílé, wọn yóò sọ fún wọn nílé pé ọmọ Òkè Ọya ni wọ́n. Ọmọ tí kò rí ẹ̀yìn tí yóò fi ara tì ní ibí, tí kò sì rí i ní ọ̀hún, ẹnikẹ́ni tí ó bá pè é ni yóò jẹ́ ìpè rẹ̀. Àwa tí a rí Kaduna ní ọdún 2000, tí a sì rí Jos ní ọdún 2001, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí àwọn ọ̀dọ́ ìlú bá di igi gbígbẹ tí iná ń wá.

Mo ti gbọ́ àtakò méjì. Èkíní ni pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ ṣiṣẹ́, pé owó òjijì ni wọ́n ń wá, tí wọ́n fi ń ṣe Yahoo. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n rí tí à ń bu ọlá fún ní ibi àríyá wa? Ṣé olùkọ́ ni à ń fi sí orí àga iwájú, tàbí ẹni tí ń ná owó tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀? Ojú ni ọmọ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ju etí lọ.

Èkejì ni pé bí a bá kọ́ wọn tán, wọn yóò sá lọ sí òkè òkun, owó wa yóò sì ṣòfò. Àwọn kan yóò lọ nítòótọ́. Àwa náà ha kọ́ ni a fi ilé sílẹ̀ wá sí ibí? Ẹni tí a fi ọwọ́ ìfẹ́ tọ́ kì í gbàgbé. Ejaife rìn jìnnà, ó sì padà, nítorí pé iṣẹ́ ń dúró dè é, àwọn ènìyàn sì ń retí rẹ̀. Bí a kò bá ní iṣẹ́ tí a fi ń dúró de ọmọ wa, a kò ní ẹ̀tọ́ láti bínú bí ó bá lọ.

Kí wá ni kí á ṣe? N kò fẹ́ràn ẹni tí yóò ka ìṣòro sílẹ̀ tí yóò sì dákẹ́. Àbá mi rèé, kí ìpàdé yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí á yà nǹkan sọ́tọ̀. Nínú gbogbo 100 náírà tí ó bá wọ àpò ẹgbẹ́, kí á fi 30 sí àpò ọ̀dọ́, kí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi owó náà ra màlúù. Bí ẹni wa bá kú, kí á sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n kí òkú má ṣe jẹ oúnjẹ alààyè.

Kí á yan ọmọ méjì lọ́dọọdún, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún iṣẹ́ ọwọ́. Kí á má ṣe fi ọmọbìnrin sí ẹ̀yìn. Kí á má sì wo ojú bàbá ọmọ, kí á wo ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́kọ ní ẹ̀tọ́ bí ọmọ alága. Kí ọmọ tí a bá ràn lọ́wọ́ sì fọwọ́ sí ìwé pé, bí òun bá parí, òun yóò fi ọjọ́ Sátidé kọ́ àwọn àbúrò òun ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ fún odindi ọdún kan: ìwé Yorùbá kíkà, ìṣirò owó ọjà, kọ̀ǹpútà, tàbí iṣẹ́ tí ó bá mọ̀.

Kí á fún àwọn ọ̀dọ́ ní àyè méjì nínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n ní ìbò bí tiwa, kí ọ̀kan nínú wọn sì máa kọ ìwé owó pẹ̀lú akápò. Ìmọ̀ràn ẹnu nìkan kì í sọ ọmọ di ènìyàn. Bí a bá gbé nǹkan lé e lọ́wọ́ ni yóò mọ̀ pé a gbà á gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Èyí tí ó kẹ́yìn: kí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó gbà wá ní àlejò. Bí wọ́n bá gbá gọ́tà, kí wọ́n gbá ti gbogbo àdúgbò, kì í ṣe ti ojúlé Yorùbá nìkan. Bí ẹ̀kọ́ Sátidé bá bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀kùn ṣí fún ọmọ Haúsá, ọmọ Tápà àti ọmọ Ìgbò. Ọmọ tí ó bá jókòó ti ọmọ wa lórí àga kan náà lónìí, yóò ṣòro fún un láti dìde sí i lọ́la.

Àwọn ará Warri ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, pé ará Warri kì í gbẹ́yìn. Mo ronú nípa ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo ń kúrò ní Airport Road, tí àwọn ọ̀dọ́ méje náà sì ń juwọ́ sí mi lábẹ́ agboòrùn. Wọn kò gbẹ́yìn nínú ọgbọ́n, wọn kò gbẹ́yìn nínú ìwà. Àwa àgbà ni a fà sẹ́yìn.

Ọmọ tí mo kọ owó ìdánwò fún, mo ti lọ bá a. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti san owó ìdánwò ọdún tí ń bọ̀ fún un láti inú àpò ara mi. Ó ní, “Bàbá Akápò, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé ìwé o.” Mo ní kó má bẹ̀rù, pé èmi náà yóò jókòó tì í. Ní alaalẹ́ ni à ń kàwé báyìí, èmi àti òun, lẹ́yìn tí ó bá ti gbé ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀kan péré ni ìyẹn. Ẹ̀yin ará, àwọn ìyókù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ire o.

Èmi ni tiyín,
Akápò Àtijọ́